Bí Ẹni Tó Ń Kọ́ Mọ́tò Bá Ba Nǹkan Jẹ́, Ta Ni Òfin Máa Mú?

Mo mọ̀ pé ibí ni wọ́n bí púpọ̀ nínú yín sí, pé Yorùbá inú ilé lẹ gbọ́ dàgbà. Ẹ fọkàn balẹ̀, màá sọ ọ́ kó yé gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ tòní ti inú ilé kan wá. Ọmọbìnrin kan tó ń wò wá ló kọ̀wé sí wa. Ọmọ ọdún 19 ni. Ó ń kọ́ mọ́tò. Mọ́tò ìyá rẹ̀ ló fi ń kọ́ ọ, àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin, tí òun ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ló sì máa ń jókòó tì í. Lọ́jọ́ Sunday kan, bí wọ́n ṣe ń yà wọ àdúgbò wọn, ó fẹ́ tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sórí tọ́tù, èyí tí ń mú ọkọ̀ sáré. Ni mọ́tò bá ta síwájú. Ó lọ kọlu mọ́tò aládùúgbò wọn níbi tó páàkì sí, ó sì wó ògiri kékeré tó wà níwájú ilé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ilé ò ti rójú.

Mọ́mì ní, "Ọmọ ṣì ń kọ́ ni, kí ni wọ́n fẹ́ kó ṣe?" Bọ̀ọ̀dá ní, "Èmi kọ́ ni mo wa mọ́tò." Ọmọ ní, "Ṣebí Bọ̀ọ̀dá ló yẹ kí wọ́n sọ fún mi pé kí n dúró? Fóònù ni wọ́n ń tẹ̀." Aládùúgbò ní gbogbo èyí ò kan òun, kí wọ́n tún mọ́tò àti ògiri òun ṣe. Lórí rẹ̀ ni wọ́n wá rí i pé orúkọ Mọ́mì àti ti Bọ̀ọ̀dá ló wà lórí ìwé ìnṣọ́ránsì, orúkọ ọmọ kò sí níbẹ̀. Mọ́mì wá dá a lábàá pé kí Bọ̀ọ̀dá kúkú sọ fún ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì pé òun ló ń wa ọkọ̀. Ọmọ ní òun ò lè sùn. Ó ní kí n bá òun wí i: ta ni òfin máa mú, kí sì ni kí àwọn ṣe?

Kí n tètè sọ ọ́ pé èmi kì í ṣe lọ́yà yín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ọrùn rẹ̀, kó lọ bá lọ́yà, tàbí kó lọ sọ́dọ̀ àwọn Citizens Advice tí wọn kì í gbowó. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni màá fi ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà àti Kánádà, màá fọwọ́ kan tiyín kí n tó kúrò.

Ìdáhùn kúkúrú ni pé òfin lè mú gbogbo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kálukú lọ́nà tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tó wa mọ́tò. Ọ̀rọ̀ Mọ́mì dùn létí: ó ṣì ń kọ́ ni. Bá a ṣe mọ̀ ọ́n nílé nìyẹn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, tó bá gé aṣọ oníbàárà bàjẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ló máa bẹ oníbàárà, ọ̀gá náà ló máa wá aṣọ mìíràn. Kò sẹ́ni tó máa bá ọmọ-ìkọ́ṣẹ́ ṣẹjọ́. Nítorí náà ó máa ń ṣe wá bíi pé ó yẹ kí ẹ̀bi ẹni tó ń kọ́ mọ́tò fúyẹ́. Kóòtù ilẹ̀ yìí ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì ní rárá.

Ẹjọ́ kan wà tí kò sí ọmọ tó ń kọ́ òfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kì í kà á. Ẹjọ́ Nettleship àti Weston ni. Ọdún 1971 ni kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá a, Lord Denning sì wà lára àwọn adájọ́ mẹ́ta tó jókòó lé e. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ọdún 1967, Ìyáàfin Weston fẹ́ kọ́ mọ́tò. Ó bẹ ọ̀rẹ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Nettleship, pé kó wá kọ́ òun nínú mọ́tò ọkọ òun. Ọ̀gbẹ́ni yìí kì í ṣe olùkọ́ tó ń fi í ṣiṣẹ́ ṣe. Kó tó gbà, ó béèrè ohun kan: bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, tí òun fara pa, ṣé ìnṣọ́ránsì wọn máa kan òun? Wọ́n fi dá a lójú pé ó kan ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀. Ìgbà yẹn ló tó gbà. Ẹ fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ó di ẹ̀kọ́ kẹta. Obìnrin náà dúró ní oríta, ó wá yà sọ́wọ́ òsì. Ṣùgbọ́n nígbà tó yà tán, kò dá sítíárìn padà. Ó dì í mú gírígírí, bí ẹni tí ẹ̀rù ti mú lọ́wọ́ le. Ọkọ̀ náà kò sáré rárá, kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Nettleship fi ọwọ́ kan fa bíréèkì ọwọ́, ó fi èkejì gbìyànjú láti bá a yí sítíárìn. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọkọ̀ gun ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, ó kọlu òpó iná, eegun orúnkún ọ̀gbẹ́ni náà sì fọ́.

Wọ́n gbé obìnrin náà lọ sí kóòtù kékeré, wọ́n ní ó jẹ̀bi pé kò fi ìṣọ́ra wa ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é lẹ́jọ́ pé kó san owó gbà-má-bínú fún orúnkún òun. Adájọ́ àkọ́kọ́ kò dá a láre. Ó gbé e lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, ibẹ̀ ló ti rí ìdáláre.

Kí ni wọ́n sọ níbẹ̀? Wọ́n ní òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ẹni tó mọ ọkọ̀ wà dáadáa náà la ó fi wọn ẹni tó ń kọ́ ọ. Kò sí òṣùwọ̀n tọmọ-ìkọ́ṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé ó sa gbogbo ipá rẹ̀. Bí ipá náà ò bá tó ti awakọ̀ tó mọṣẹ́, ó jẹ̀bi.

Ẹ lè ní èyí le jù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó láti ojú ẹni tí mọ́tò gbá. Ìyá àgbà tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ jẹ́jẹ́ kò lè béèrè pé, "Ọmọ mi, ẹ̀kọ́ mélòó lo ti kọ́?" kí mọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó kán ti kán, ì báà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló wà á, ì báà jẹ́ ọ̀gá. Bí a bá sì ní ká máa fi ìmọ̀ kálukú wọ̀n ọ́n, ibo la máa dúró sí? Ẹni tó wà lẹ́kọ̀ọ́ karùn-ún ńkọ́, ẹni tó wà lẹ́kọ̀ọ́ ogún ńkọ́, ẹni tó yege lánàá ńkọ́, ẹni tí kò tíì wa ọkọ̀ láti ọdún mẹ́wàá ńkọ́? Adájọ́ ò ní rí ibi fà sí.

Ìdí kejì ni ìnṣọ́ránsì. Òfin ló fi dandan lé e pé ẹnikẹ́ni tó bá máa wa ọkọ̀ ní títì gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì tó máa san àdánù ẹlòmíràn. Àwọn adájọ́ mọ̀ pé nígbà tí àwọn bá ní akẹ́kọ̀ọ́ jẹ̀bi, kì í sábà jẹ́ inú àpò rẹ̀ ni owó ti máa jáde.

Ibí yìí ni èdè wa ti lè ṣì wá lọ́nà díẹ̀. Tí a bá ní ẹnì kan jẹ̀bi, a máa ń gbọ́ ọ bíi pé ènìyàn búburú ni. Ẹ̀bi tí mò ń sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin kàn ń béèrè pé: àdánù ti wà nílẹ̀, ta ni kó rù ú? Ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ jẹ́jẹ́ tí wọ́n wá wó ògiri rẹ̀, àbí ẹni tó gbé ọkọ̀ jáde? Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni, òfin máa ní ẹ̀yin ni ẹ jẹ aládùúgbò yín ní mọ́tò àti ògiri. Ìyẹn ò sọ yín di ènìyàn burúkú.

Àmọ́ ẹ̀bi mìíràn tún wà lápá ọlọ́pàá. Wọ́n lè pe akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́jọ́ pé kò wakọ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, kí wọ́n sì fi pọ́íǹtì sórí láísẹ́ǹsì provisional rẹ̀. Pọ́íǹtì yẹn kì í pa rẹ́ lọ́jọ́ téèyàn bá yege. Ó ń bá a lọ sórí láísẹ́ǹsì tuntun bí ọjọ́ rẹ̀ ò bá tíì pé. Ẹni tó bá sì tún gba pọ́íǹtì mìíràn láàárín ọdún méjì tó yege, tí gbogbo rẹ̀ fi pé 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n máa gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀, á sì padà sí ìdí àmì L.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá. "Èmi kọ́ ni mo wa mọ́tò." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èrò ọkọ̀ lásán náà ni. Òfin ní ẹni tó máa jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21, ó sì gbọ́dọ̀ ti ní láísẹ́ǹsì kíkún fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. Kí ni wọ́n ń wá ọdún mẹ́ta fún bí kò bá ní iṣẹ́ kankan tó máa ṣe níbẹ̀?

Ní ọdún 1940, wọ́n gbé irú ẹjọ́ yìí wá sí kóòtù. Rubie àti Faulkner lorúkọ ẹjọ́ náà. Ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ ya sọ́wọ́ kejì níbi tí títì ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ó fẹ́ ya ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó tì í rí i, kò sọ nǹkan kan, kò ṣe nǹkan kan. Kóòtù ní òun náà jẹ̀bi, pé ó ran awakọ̀ lọ́wọ́ láti dá ẹ̀ṣẹ̀ náà. Wọ́n ní torí kó lè dá a lọ́wọ́ kọ́ nígbà tó bá fẹ́ ṣìṣe ni òfin ṣe ní kó jókòó síbẹ̀. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́: àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bọ̀ọ̀dá ni àgbà tó wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ rántí Ọ̀gbẹ́ni Nettleship. Lóòótọ́ ó rí ìdáláre, ṣùgbọ́n owó tí ì bá gbà, ìdajì ni wọ́n fún un. Kóòtù ní àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń darí ọkọ̀ náà, àwọn méjèèjì ni kó pín ẹ̀bi rẹ̀ ní ọgbọọgba. Òun tí orúnkún rẹ̀ fọ́ lẹ wá ń wò yẹn o. Ẹni tó gbìyànjú láti fa bíréèkì nìyẹn. Mélòómélòó ẹni tó ń tẹ WhatsApp?

Fóònù yìí gan-an, òfin dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń di fóònù mú lò nígbà tó jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣẹ̀ sí òfin kan náà tó de awakọ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ £200, pọ́íǹtì 6 sì ni, lórí láísẹ́ǹsì Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀.

Kí n fi ìkan kún un, torí mo mọ̀ wá. A lọ sí òde ìnáwó. Dádì ti mu ọtí díẹ̀. Nígbà tó di aago méjìlá òru, wọ́n sọ kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ wọn tó ń kọ́ mọ́tò pé, "Gbé wa délé, màá jókòó tì ọ́." Wọ́n rò pé àwọn ń ṣe ọlọgbọ́n ni. Òfin ka ẹni tó jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹni tí ọkọ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Bí ọtí tó wà lára Dádì bá kọjá ìwọ̀n, Dádì ni ọlọ́pàá máa mú, bí wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kan sítíárìn.

Ó wá kan Mọ́mì tó ni mọ́tò. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé mọ́tò jẹ́ tèèyàn nìkan kò sọ ọ́ di ẹni tó máa san ohun tí ẹlòmíràn fi mọ́tò náà bà jẹ́. Ilé ìgbìmọ̀ House of Lords ló fìdí èyí múlẹ̀ ní ọdún 1972 nínú ẹjọ́ Morgans àti Launchbury. Ó di ìgbà tí awakọ̀ bá ń jíṣẹ́ olówó mọ́tò kí ẹ̀bi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí Mọ́mì bá ní, "Lọ bá mi gbé àbúrò rẹ láti ibi orin," ọ̀rọ̀ lè yí padà. Bí ọmọ bá kàn ń kọ́ ọkọ̀ fún ara rẹ̀, ẹ̀bi ìkọlù náà kì í ṣe ti Mọ́mì.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ ti máa tẹ Mọ́mì yàtọ̀. Ẹ ò ṣe nǹkan kan bí ẹ bá sọ pé, "Mọ́tò mi ní ìnṣọ́ránsì." Ìbéèrè tí òfin ń béèrè ni pé: ṣé ìnṣọ́ránsì náà mọ ẹni tó wà á? Ní ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì ilé, orúkọ àwọn tó lè wa ọkọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí, ìnṣọ́ránsì ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó bá wa ọkọ̀ náà ti wakọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì, ìyá tó yọ̀ǹda ọkọ̀ fún un náà ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Bí ọlọ́pàá ò bá gbé awakọ̀ lọ sí kóòtù, owó ìtanràn £300 àti pọ́íǹtì 6 ni. Wọ́n tún lágbára láti gbé ọkọ̀ náà lọ.

Àdánù aládùúgbò ńkọ́? Òfin kì í fẹ́ kí ẹni tí kò ṣẹ̀ jìyà. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ náà lè ní láti sanwó fún aládùúgbò bí orúkọ ọmọ ò tilẹ̀ sí níwèé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá san án tán, wọ́n lè yíjú padà sọ́dọ̀ Mọ́mì tó yọ̀ǹda ọkọ̀, kí wọ́n ní kó dá owó náà padà. Ibi tí ọkọ̀ kò bá sì ní ìnṣọ́ránsì kankan rárá, àjọ Motor Insurers' Bureau ni ẹni tó pàdánù lè lọ bá. Àwọn náà lè wá owó wọn lọ sọ́dọ̀ awakọ̀.

Àwọn kan á ní, "Àwa ò gbé e dé títì, inú ọgbà páàkì súpámákẹ́ẹ̀tì la ti kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ti tì í." Láti ọdún 2000, òfin ìnṣọ́ránsì ti kọjá títì nìkan. Ó kan ibikíbi tí àwọn ará ìlú ní àyè láti wọ̀. Ọgbà páàkì súpámákẹ́ẹ̀tì lè wà nínú rẹ̀. Ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí náà lè wà níbẹ̀, bí gbogbo ayé bá ń wọ̀ ọ́. Ẹ má fi ibi tí kò sí èrò tan ara yín jẹ.

Báwo lèèyàn ṣe wá ń ṣe é? Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Ẹ lè ní kí wọ́n fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kún ìnṣọ́ránsì mọ́tò ilé. Tàbí kí akẹ́kọ̀ọ́ ra tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún ìgbà díẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń kọ́ mọ́tò ẹlòmíràn. Àǹfààní èyí ni pé bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kì í sábà ba ẹ̀dínwó tí Dádì ti kó jọ láti ọdún pípẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ohun méjì. Èkíní, bí mọ́tò bá jẹ́ ti ọmọ, tó jẹ́ òun ló ń wà á lójoojúmọ́, tí ẹ wá kọ orúkọ Dádì pé òun ni awakọ̀ àgbà kí owó lè wálẹ̀, wọ́n ń pè é ní fronting. Jìbìtì ni. Èkejì, ìnṣọ́ránsì akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń dópin ní ìṣẹ́jú téèyàn bá yege. Ẹ ti yọ̀, ẹ ti ya fọ́tò, ẹ wá ń fúnra yín wa ọkọ̀ lọ sílé láìní ìnṣọ́ránsì. Ẹ ka ìwé yín kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.

Ẹ tún rántí ìbéèrè Ọ̀gbẹ́ni Nettleship. Nítorí pé ó béèrè nípa ìnṣọ́ránsì kó tó wọkọ̀, kóòtù ní wọn ò lè sọ fún un pé, "Ìwọ lo fojú ara rẹ rí i, o sì wọlé." Lónìí, òfin ìrìnnà ọdún 1988 ti sọ ọ́ di ti gbogbo èrò ọkọ̀: awakọ̀ tí òfin ní kó ní ìnṣọ́ránsì kò lè sọ pé èrò òun ti gba ewu náà mọ́ra. Ọ̀rẹ́ yín tó jókòó sẹ́yìn tó ń rẹ́rìn-ín, bó bá fara pa, ó lè pè yín lẹ́jọ́, á sì jàre.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwọn òbí àti ẹ̀gbọ́n wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà, oṣù 12 péré lẹ lè fi wa ọkọ̀ níbí lẹ́yìn tí ẹ bá ti di olùgbé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ láti Ìbàdàn sí Èkó fún ogún ọdún, akẹ́kọ̀ọ́ ni lójú òfin, títí á fi yege ìdánwò ibí. Ó gbọ́dọ̀ gba provisional, ó gbọ́dọ̀ lẹ àmì L, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó jókòó tì í. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun àwọn bàbá wa. Ọdún Nàìjíríà kò sì sí lára ọdún mẹ́ta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Dádì tó gba láísẹ́ǹsì ibí lọ́dún tó kọjá kò tíì lè jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ọgbọ́n àti ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún wọn.

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, òfin yín yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, ó sì máa ń le sí òbí ju ti ibí lọ. Ní California, òbí tó bá fọwọ́ sí ìwé kí ọmọ tí kò tíì pé 18 lè gba láísẹ́ǹsì ti fọwọ́ sí i pé òun náà máa dáhùn fún ohun tí ọmọ bá fi ọkọ̀ bà jẹ́. Ní New York, olówó ọkọ̀ tó bá yọ̀ǹda ọkọ̀ fún ẹlòmíràn máa bá a pín ẹ̀bi. Bákan náà ló rí ní Ontario ní Kánádà. Ohun tí mo sọ nípa Mọ́mì tó ni mọ́tò níbí, ẹ má gbé e kọjá òkun.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé tí a ti bẹ̀rẹ̀, sí àbá tí Mọ́mì dá pé kí Bọ̀ọ̀dá sọ pé òun ló wa ọkọ̀.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ìfẹ́ ni. Ìyá ò fẹ́ kí ọmọ òun bẹ̀rẹ̀ ayé pẹ̀lú àbàwọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo ti sọ látàárọ̀, owó àti pọ́íǹtì ni. Èyí yàtọ̀. Bí Bọ̀ọ̀dá bá parọ́ fún ìnṣọ́ránsì, jìbìtì ni. Bó bá parọ́ fún ọlọ́pàá, ẹ̀ṣẹ̀ yíyí ìdájọ́ po ni, ẹ̀wọ̀n sì ni wọ́n sábà máa ń fi í ṣe. Ní ọdún 2013, wọ́n rán Chris Huhne, tó ti ṣe mínísítà ní ilẹ̀ yìí, àti Vicky Pryce tó jẹ́ ìyàwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀, lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ. Kí ni wọ́n ṣe? Ó sáré jù lórí títì ní ọdún 2003, ìyàwó sì gba pọ́íǹtì náà sórí ara rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ẹ̀wọ̀n wá tẹ̀ lé e. Pọ́íǹtì mẹ́ta péré ni! Lónìí, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà wà nílé aládùúgbò, kámẹ́rà wà nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ta ni yóò fi ẹ̀wọ̀n ra ògiri?

Nítorí náà, ohun tí mo ní kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ sọ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí Mọ́mì kàn sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, kó sọ ẹni tó ń wakọ̀ gan-an. Ẹ lọ rí lọ́yà tàbí àwọn Citizens Advice kí ẹ tó kọ ìwé kankan. Ẹ lọ kí aládùúgbò yín, kí ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè bá a sọ ọ́ pé ẹ máa san án lápò yín, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìyẹn ò pa ẹ̀ṣẹ̀ àìní ìnṣọ́ránsì rẹ́. Bó bá di pọ́íǹtì, ẹ gbà á. Pọ́íǹtì ń lọ. Orúkọ tó bá bàjẹ́ kì í tètè tún ṣe.

Ẹ̀yin yòókù, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀: ẹ dúró, ẹ má sá. Ẹ fún ẹni tí ẹ kọlù ní orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ọkọ̀. Bí ẹ ò bá rí ẹni tí ẹ máa fún, ẹ sọ fún ọlọ́pàá kíákíá, kó má kọjá wákàtí 24. Ẹ ya fọ́tò. Ẹ má jókòó padà sídìí sítíárìn nígbà tí ọwọ́ bá ṣì ń gbọ̀n.

Kí ẹ sì tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti kọ́ mọ́tò, ẹ ṣe bíi ti Ọ̀gbẹ́ni Nettleship. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé orúkọ mi wà lórí ìnṣọ́ránsì? Ẹ jẹ́ n rí i." Kì í ṣe àfojúdi. Ìbéèrè yẹn ló gba Ọ̀gbẹ́ni Nettleship là, bí wọ́n bá sì ti béèrè rẹ̀ nílé tí a sọ yìí, mi ò ní rí lẹ́tà gbà.

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá tiyín. Ẹ sọ pé kó kà á nílé o, kó má kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń kọ́ mọ́tò. Ó dìgbà kan ná. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa lójú títì.